Ǹjẹ́ fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú àrùn tó ń dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró?

Àbíkẹ́_Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Nítorí bàbá mi, ẹni ọdún 67, ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń húkọ́ gbígbẹ, tí wọ́n bá sì gun àtẹ̀gùn díẹ̀, wọn a máa mí hẹlẹ. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé wọn lọ fi wọ́n sórí òògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyẹ̀wò kankan tó fi kòkòrò ikọ́ ife hàn lára wọn. Nígbà tí a kò rí ìyàtọ̀ ni a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ síkáànù CT ya àyà wọn, tí wọ́n sì sọ fún wa pé àpá ti ń dá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, pé àwọn kò sì tíì mọ ohun tó fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní London wá fi ohùn ránṣẹ́ sí ìdílé wa lórí WhatsApp pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn yìí, pé òògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì wà lọ́jà, kí a tètè lọ rà á. Ọ̀rọ̀ náà ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ni òtítọ́ tó wà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ìyábọ̀

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, àbúrò mi. Ẹ̀ka ìtọ́jú ẹ̀dọ̀fóró ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní irú àìsàn yìí sì wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé àpá inú ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Àwọn kan ń ní i nítorí eruku asbestos tí wọ́n fà símú níbi iṣẹ́, àwọn kan nítorí ẹyẹlé tàbí àwọn ẹyẹ mìíràn tí wọ́n ń sìn, àwọn kan nítorí àrùn oríkèé-ara ríro, àwọn mìíràn sì nítorí òògùn bíi amiodarone tàbí nitrofurantoin tí wọ́n ti lò pẹ́. Ikọ́ ife pàápàá máa ń fi àpá sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti san, ṣùgbọ́n òkè ẹ̀dọ̀fóró ni tirẹ̀ sábà máa ń wà. Ìgbà tí àwọn dókítà bá ti wá gbogbo ìdí wọ̀nyí tì ni wọ́n máa ń pè é ní idiopathic pulmonary fibrosis, IPF ni a máa ń kọ ní kúkúrú. Àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 60 ló wọ́pọ̀ lára jù, ọkùnrin ju obìnrin lọ, ẹni tó mu sìgá rí ju ẹni tí kò mu ún lọ.

Nítorí náà, kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì, ẹ bi dókítà yín bóyá wọ́n ti wádìí iṣẹ́ tí bàbá ṣe, òògùn tí wọ́n ń lò, àti ohun ọ̀sìn tó wà nínú ilé.

Àyìndé_Aṣèwádìí

Mo kí ìyá wa Nọ́ọ̀sì fún àlàyé yẹn. Iṣẹ́ ìwádìí lórí fáírọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ láti London kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí.

Ọdún 1984 ni àwọn oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé àwọn rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní IPF tó fi hàn pé ara wọn ń bá fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, ọ̀kan nínú ìdílé fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní herpes, jà. Ní ọdún 1995, Egan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ jìnnà ju ẹ̀jẹ̀ lọ: ẹran ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ẹni 14 nínú 20 tó ní àrùn náà ni wọ́n ti rí pùròtéènì tí fáírọ́ọ̀sì yìí máa ń ṣe nígbà tó bá ń bí sí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹni 2 péré ni wọ́n rí i lára wọn nínú 21 tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra. Inú sẹ́ẹ̀lì tó bo ojú àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké ni wọ́n ti rí i, ibẹ̀ gan-an sì ni a gbà pé àrùn IPF ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2003, Tang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Vanderbilt, ní ìlú Nashville, wá fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin láti inú ìdílé herpes nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni 32 nínú 33 tó ní IPF ló ní ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn. Nínú àwọn 25 tí kò ní àrùn náà, ẹni 9 ni. Ní ọdún 2020, ìwé ìròyìn Chest gbé àkójọ ìwádìí 20 jáde, tó kó ènìyàn 1,287 láti orílẹ̀-èdè mẹ́wàá pọ̀, ó sì fi hàn pé àwọn tó ní fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí nínú ara wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní IPF ju láàárín àwọn tí kò ní in lọ, pàápàá Epstein-Barr, cytomegalovirus, àti herpes ti ènìyàn oríṣi keje àti ìkẹjọ.

N kò sọ pé ẹ lọ ra òògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀rí tó tó báyìí kò ṣeé gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Dókítà_Ìjẹ̀bú

Àbúrò mi Àyìndé kọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé dúró díẹ̀ kí ẹ tó gbà pé a ti rí ọ̀daràn.

Ohun àkọ́kọ́ ni ti Epstein-Barr fúnra rẹ̀. Ọdún 1964 ni Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì yìí, láti inú kókó àrùn jẹjẹrẹ Burkitt tí wọ́n gbé wá láti Uganda. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ó lé ní ẹni mẹ́sàn-án nínú àgbàlagbà mẹ́wàá lágbàáyé tó ní in lára, àti pé lọ́dọ̀ tiwa ní Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ní in kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Bí fáírọ́ọ̀sì yìí nìkan bá lè dá àpá sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn náà ì bá ti kárí ilé gbogbo. Ìdílé herpes kì í sì kúrò lára ẹni tó bá ti wọ̀. Ńṣe ló máa ń fara pamọ́, tí yóò tún jí nígbà tí ara bá rẹlẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti ń ṣàìsàn, lára àgbàlagbà tó tún ń lo òògùn tó ń dín agbára ìgbógunti àrùn kù, jẹ́ ibi tí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lè jí sí láìjẹ́ pé òun ló dá àìsàn náà sílẹ̀.

Ohun kejì ni pé irú ìrètí báyìí ti já wá kulẹ̀ rí. Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn kan ní Japan rí àmì fáírọ́ọ̀sì àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi C lára àwọn tó ní IPF ju lára àwọn mìíràn lọ. Kò ju ọdún kan lọ tí àwọn ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wá irú àmì bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláìsàn tiwọn, wọn kò sì rí i. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ nínú àkójọ àwọn aláìsàn kan lè má jẹ́ òtítọ́ níbòmíràn.

Ohun kẹta ni ti àkókò tí àìsàn yìí máa ń le lójijì, tí ẹni tó ń rìn lánàá kò ní lè mí láìlo ọ́síjìn lónìí. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ọ̀fìnkìn tàbí flu ló ń fà á. Ní ọdún 2011, Wootton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ènìyàn 43 tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́ tó múná jù nígbà náà, ẹni 4 péré ni wọ́n sì rí fáírọ́ọ̀sì ọ̀nà-mímí tó wọ́pọ̀ lára wọn. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ torque teno ló pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá pẹ̀lú.

Àyìndé_Aṣèwádìí

Ẹ ṣeun, Dókítà. Kókó tí ẹ mú wá lágbára, mo sì gbà pé fáírọ́ọ̀sì nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n èwo ló ṣáájú, àpá ni tàbí fáírọ́ọ̀sì? Lórí ìyẹn, ìwádìí kan wà tó yẹ kí a wò fínnífínní, nítorí mi ò rò pé àlàyé pé ara tó rẹlẹ̀ ló jí fáírọ́ọ̀sì lè bò ó tán.

Àwọn ìdílé kan wà tí IPF ń mú ju ẹnì kan lọ nínú wọn. Ní ọdún 2015, Kropski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vanderbilt kó àwọn ọmọ àti àbúrò àwọn aláìsàn jọ, àwọn tí kò tíì ní ìnira mímí kankan. Wọ́n fi omi fọ apá kan nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn, wọ́n fa omi náà jáde, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n rí i pé àmì herpes pọ̀ níbẹ̀ ju ti àwọn tí kò ti irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wá, àti pé níbi tí fáírọ́ọ̀sì yìí wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ náà ni àmì ìnira sẹ́ẹ̀lì ti pọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò tíì lo òògùn kankan tó ń dín agbára ara kù, wọn kò sì tíì máa ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo pè ní ìnira sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú àpò afẹ́fẹ́ tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣe ọ̀rá àti pùròtéènì tí kì í jẹ́ kí àpò náà pa dé nígbà tí a bá mí jáde, òun náà ló sì ń bí sẹ́ẹ̀lì tuntun rọ́pò èyí tó bá bàjẹ́. Gbogbo pùròtéènì tí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ni ó gbọ́dọ̀ ká bó ti yẹ kí ó tó jáde. Bí àbùkù bá wà nínú jíìnì rẹ̀, tàbí bí ọjọ́ orí bá ti mú un rẹ̀, èyí tó ká láìtọ́ yóò máa ṣẹ́ jọ sínú sẹ́ẹ̀lì, yóò sì máa ni ín lára. Fáírọ́ọ̀sì tó bá tún wọlé yóò gba ẹ̀rọ sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà láti ṣe pùròtéènì tirẹ̀ níbẹ̀, ẹrù á wá di méjì. Sẹ́ẹ̀lì tí ẹrù bá pa á kò ní lè tún ojú àpò afẹ́fẹ́ ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun kọ́lájìnì, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí àpá fi ń le, yóò sì máa hun ún láìdúró, títí ibi tó yẹ kó rọ̀ yóò fi le gan-an. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Lójú tèmi, àbùkù tàbí ọjọ́ ogbó ló la ògiri náà.

Ẹ̀rí tó wá láti ara eku sì bá èyí mu. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí Epstein-Barr, tó máa ń ran eku. Eku tí ara rẹ̀ pé kì í ní àpá tó ń tàn kálẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Emory fi ran àwọn eku tí kò lè gbọ́ ìpè interferon gamma, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ara fi ń pe ogun jọ, àpá tàn kálẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Wọ́n tún fún àwọn kan nínú wọn ní òògùn cidofovir tí kì í jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì náà jí, àpá náà kò sì tẹ̀síwájú bíi ti àwọn tí kò gbà á. Eku tó ti dàgbà pàápàá máa ń ní àpá níbi tí ọ̀dọ́ eku kì í ti ní i.

Ìyá_Ìbejì_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọ àárín ọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi ní àrùn Kòrónà ní ọdún 2021, wọ́n sì gbé wọn sórí ẹ̀rọ mímí. Síkáànù fi àpá hàn nígbà tí wọ́n fi kúrò ní ilé ìwòsàn. Ṣé ohun kan náà ni ẹ ń sọ?

Nọ́ọ̀sì_Ìyábọ̀

Rárá, ìyàtọ̀ wà, ó sì ṣe pàtàkì. Àpá tó tẹ̀lé Kòrónà dà bí àpá tó tẹ̀lé ọgbẹ́ ńlá: ìpalára náà ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara sì tún un ṣe bó ti lè ṣe é. IPF ní tirẹ̀ kì í dúró. Ó ń tẹ̀síwájú bí ẹni pé ọgbẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Àwọn olùwádìí níbí ní Britain fojú bù ú ní ọdún 2023 pé àbùkù lè ṣẹ́kù sínú ẹ̀dọ̀fóró tó ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn nítorí Kòrónà. Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn kan ní Beijing tí wọ́n kó SARS, àrùn tí mọ̀lẹ́bí fáírọ́ọ̀sì Kòrónà ń fà, ní ọdún 2003, tí wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò fún ọdún 15. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó máa sàn ló sàn láàárín ọdún kìíní, èyí tó ṣẹ́kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan. Ẹ jẹ́ kí ìyá máa lọ fún àyẹ̀wò agbára mímí. Bí òǹkà rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, kí wọ́n tún ya síkáànù.

Dókítà_Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ Kòrónà mú nǹkan kan wá sí mi lọ́kàn tó yẹ kí Àyìndé gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 2011 ni a mọ̀ pé ìyípadà kan nínú jíìnì MUC5B, tó ń ṣe pùròtéènì inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ni àbùdá tó ń mú kí ewu IPF pọ̀ jù lọ. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù, ó sì ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwa ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kòrónà dé, a rí i pé àwọn tó ní ìyípadà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn nítorí rẹ̀ tó àwọn tí kò ní in. Àbùdá tó ń fa àpá ni ó ń dáàbò bo ẹni lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì! Bóyá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó pọ̀ ló ń dènà fáírọ́ọ̀sì, tó sì ń di ẹrù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bó ti wù kó rí, ìbáṣepọ̀ fáírọ́ọ̀sì àti àpá kì í ṣe ọ̀nà tààrà, pàápàá fún wa tí a kì í sábà ní ìyípadà náà, tí a kò sì tíì kọ ìwádìí tó pọ̀ lórí ẹ̀dọ̀fóró tiwa. Ìwọ̀nba ènìyàn ni wọ́n yẹ̀ wò nínú gbogbo ìwádìí tí o kà sílẹ̀ yẹn, ọmọ Áfíríkà inú wọn kò sì tó nǹkan. Ó ń dùn mí.

Àbíkẹ́_Iléṣà

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá. Ẹnì kan ní ọjà òògùn ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé òun lè bá a wá valganciclovir, ọ̀kan nínú àwọn òògùn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì herpes. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n rà á?

Dókítà_Ìjẹ̀bú

Rárá o. Òògùn yẹn lè dín ẹ̀jẹ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ pupa àti ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kù, a sì gbọ́dọ̀ wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó díwọ̀n rẹ̀. Àwọn ti Vanderbilt ti dán an wò pẹ̀lú pirfenidone, òògùn IPF tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, lára ènìyàn 31 tó ní IPF tó sì ní àmì fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr tàbí cytomegalovirus, fún ọ̀sẹ̀ 12, láti mọ̀ bóyá ara lè gbà á. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á, ṣùgbọ́n ìwádìí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ bóyá ó ń wo àìsàn náà, abẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ sì ni wọ́n ti ṣe é.

Ìtàn méjì ni mo fẹ́ kí ìdílé yín gbọ́. Ní ọdún púpọ̀, prednisone àti azathioprine, àwọn òògùn tó ń dín agbára ìgbógunti àrùn kù, ni a ń fún àwọn aláìsàn wọ̀nyí, nítorí a rò pé ara tó ń gbóná jù ló ń dá àpá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò bó ti tọ́ ní Amẹ́ríkà nínú ìwádìí PANTHER, ẹni 8 ló kú nínú àwọn tó gbà á pẹ̀lú acetylcysteine, ẹni 1 nínú àwọn tó gba òògùn òfo, ìyẹn èyí tí kò ní agbára kankan tí a fi ń ṣe ìfiwéra, wọ́n sì dá apá ìwádìí náà dúró ní ọdún 2011. Ìtàn kejì ni ti bakitéríà. A rí i pé bakitéríà pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí àìsàn wọn ń yára tẹ̀síwájú, a sì retí pé òògùn apakòkòrò yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwádìí ńlá méjì, ọ̀kan ní Britain, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, tí àbọ̀ wọn jáde ní 2020 àti 2021, kò rí àǹfààní kankan. Rírí kòkòrò níbì kan kò tó láti fi òògùn lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ni pirfenidone tàbí nintedanib, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Wọn kì í pa àpá rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń dín bí agbára mímí ṣe ń lọ sílẹ̀ kù tó bí ìdajì. Wọ́n wọ́n lówó, mo mọ̀. Ẹ má ṣe ná owó yẹn sórí òògùn tí a kò tíì mọ ìwúlò rẹ̀. Kí àwọn òògùn wọ̀nyí tó dé, ìdajì àwọn tó ní IPF ni kì í lò ju ọdún 3 sí 5 lọ lẹ́yìn tí a bá ti mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí oṣù kan ṣòfò lórí àríyànjiyàn inú ilé.

Àyìndé_Aṣèwádìí

Lórí valganciclovir, ohùn kan ni èmi àti Dókítà. Ẹ má rà á.

Mi ò kàn fẹ́ kí ìkùnà òògùn apakòkòrò ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwádìí fáírọ́ọ̀sì. Nínú ìwádìí wọ̀nyẹn, wọn kò wò ó bóyá bakitéríà pọ̀ lára ẹni tàbí kò pọ̀ kí wọ́n tó fún un ní òògùn apakòkòrò. Bí a bá fẹ́ dán òògùn fáírọ́ọ̀sì wò dáadáa, àwọn tí fáírọ́ọ̀sì ń bí sí i nínú ẹ̀dọ̀fóró wọn ni ká yàn, kí àìsàn náà tó jinlẹ̀, kí a sì tẹ̀lé wọn fún ọdún kan ó kéré tán. Ó wù mí kí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tó ń kọ́ni ní Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n á ti ṣe é, nítorí àwa la máa ń kó Epstein-Barr ní kékeré jù, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ìyẹn ń dáàbò bò wá tàbí ó ń pa wá lára.

Àbíkẹ́_Iléṣà

Ó ti yé mi. Bàbá ní kí n bi yín ní ìkan sí i: ṣé kí àwọn gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àbí yóò tún jí fáírọ́ọ̀sì? Ìyá mi sì ń fi igi dáná ní ẹ̀yìnkùlé.

Nọ́ọ̀sì_Ìyábọ̀

Abẹ́rẹ́ flu, ti òtútù àyà àti ti Kòrónà, kí wọ́n gbà wọ́n bí wọ́n bá ti rí i gbà. Kò sí èyí tó ní fáírọ́ọ̀sì herpes nínú. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti ní àpá kò ní àyè ìfarada tó pọ̀ mọ́, òtútù àyà kan ṣoṣo sì lè gba ohun tí ọdún méjì kò lè dá padà. Ẹ sọ fún dókítà bí wọ́n bá ń lo prednisone lọ́wọ́.

Kí ìyá gbé igi kúrò ní ẹ̀yìnkùlé tí èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá bàbá. Bí gáàsì bá ṣeé rà, ẹ rà á. Kí bàbá máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí ìka láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì máa kọ òǹkà rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìrìn àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ń já sísàlẹ̀ 88 nígbà tí wọ́n bá ń rìn, ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà láti béèrè fún ọ́síjìn inú ilé.